Ohùn Ọkùnrin Nínú Orin Àlàájà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní àárẹ̀, kó lọ jókòó láàárín àwọn tó ń gbọ́ orin, kó má gbọ́ orin náà, kó sì máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Mo ṣe é fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń jẹun kò rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo lè lọ àgbàdo láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ìyẹ̀fun bò mí dé ìpéǹpéjú, kí n wẹ̀, kí n jẹun, kó sì tán. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi orin dé lọ́jọ́ Àìkú, ńṣe ni mo máa ń nà gbalaja sórí ẹní, tí ìyàwó mi á dúró lé mi lórí, á ní, "Baálé mi, orin wo lẹ gbọ́ tó lù yín báyìí?"

Àwa mẹ́rin la máa ń pàdé, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, níwájú ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ta bàtà rọ́bà ní àdúgbò Dougouba. Kumasi ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n náà sí. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó ẹrù kúrò ní Ghana ní 1969 pẹ̀lú àwọn àjèjì yòókù tí ìjọba lé, tí wọ́n wá tún ilé ayé bẹ̀rẹ̀ ní Bouaké níbí, ní ilẹ̀ Ivory Coast. Orin onígìtá àwọn ará Ghana ló máa ń mú wá, bí orin bá sì ti tán, á kọ́kọ́ fi èdè Twi kí olórin náà kú iṣẹ́ kó tó yíjú sí wa. Ẹnì kejì ni Àlàájà, tó ń ta aṣọ ní ọjà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ẹnì kẹta ni awakọ̀ kan tí kò tíì pé ogójì ọdún, tó ń fi ọkọ̀ akérò ná ọ̀nà Marabadiassa. Bouaké yìí ni wọ́n bí i sí. Faransé ló fi ń bínú, Jùlá ló fi ń pe èrò, Yorùbá ló fi ń kí àgbà. Ẹnì kẹrin ni èmi. Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pè mí.

Òfin wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń mú orin wá lọ́sẹ̀ kan, a sì ń gbà á yí ká. Orin náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí àwa yòókù kò tíì bá a jókòó gbọ́. Ẹni tó ni orin á gbé fóònù rẹ̀ sínú abọ́ tánganran kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, nítorí abọ́ náà máa ń kó ohùn jọ ju bí fóònù ṣe mọ lọ. Orin á lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A kì í sọ̀rọ̀. Bí ikọ́ bá ń gbé ọ, o dìde, o lọ wú u lójú títì. Bó bá tán, ẹni tó ni orin á bèèrè pé, "Kí lẹ gbọ́?" Kálukú á wá sọ ohun kan ṣoṣo tó gbọ́, tó rò pé àwọn yòókù kò gbọ́. O ò gbọdọ̀ tún ohun tí ẹnì kan ti sọ sọ, ìbáà jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo ti sọ ọ́ rí. O ò sì gbọdọ̀ sọ pé "ó dùn". Ẹni tó bá rú òfin, òun ni yóò gbé garawa lọ fa omi tíì wá ní kànga agbo ilé kejì. Kànga náà jìn. Okùn rẹ̀ a máa gé ènìyàn lọ́wọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí etí gbogbo wa mú.

Ẹ̀gbọ́n oníbàtà ló dá òfin náà sílẹ̀. Ó ní bí kásẹ́ẹ̀tì tuntun bá wọ agbo ilé àwọn láyé àtijọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta làwọn fi ń sọ ọ́, tí wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ tìtorí rẹ̀ jà. Nísinsìnyí, ogún orin á wọ orí fóònù ènìyàn kí ọ̀sán tó pọ́n, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. "Ńṣe ni wọ́n ń tọ́ ọ wò bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò," ó ní. "Wọn kì í jẹ ẹ́."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, èmi ni ọ̀gá gbogbo wọn. N kò fi yangàn; bó ṣe rí nìyẹn. Èmi ni mo máa ń gbọ́ ibi tí ìka ti yọ̀ lórí okùn gìtá. Èmi ni mo gbọ́ ibi tí olórin kan ti yíjú kúrò níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti sọ nǹkan fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó sì yíjú padà kí ẹsẹ orin tó kàn án. Àlàájà wá sọ mí ní Etí Bouaké. N kò lówó, n kò kàwé, wọn kì í ránṣẹ́ pè mí bí àwọn àgbààgbà ìlú bá fẹ́ ṣe ìpàdé. Ṣùgbọ́n nídìí abọ́ tánganran yẹn, bí mo bá la ẹnu, gbogbo wọn á dákẹ́. Ọkùnrin tó ti kọjá àádọ́ta ọdún mọ iye ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́ fún un láyé. Tèmi jẹ́ ẹyọ kan.

Ẹ̀rọ ló jẹ etí mi. N kò bá a jà, nítorí òun náà ló bọ́ àwọn ọmọ mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń dúró tì í, tó ń ké mọ́ mi, tí àwọn oníbàárà ń pariwo ní Jùlá àti Baoulé, tí mo ń wo ẹnu wọn. Àwọn ohun tó tínrín ló kọ́kọ́ lọ: ẹyẹ, agogo fóònù, ohùn ìyàwó mi láti ilé ìdáná, ohùn ọmọ ọmọ mi. Àwọn ohun tó wúwo dúró: ọkọ̀ akẹ́rù, ààrá. Lẹ́yìn náà ni ohun kan wá fi etí mi ṣe ilé. Bí mo bá pa ẹ̀rọ, kò pa. Á máa kùn nìṣó nísàlẹ̀ gbogbo nǹkan, bí ọkùnrin kan tó wà ní iyàrá kejì, tó ń kọrin sínú tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Dókítà wo inú etí mi, ó ní àwọn iṣan tó wà níbẹ̀ ló ti rẹ̀, pé wọn kì í sì í sọjí mọ́. Ó ní nǹkan kan wà ní Abidjan tí wọ́n ń kì bọ etí. Mo ní a ó rí i. Ìyàwó mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Báwo ni mo ṣe wá ń lọ sídìí orin? Ẹ̀tàn ni. Mo máa ń jókòó síbi tí màá ti rí ojú fóònù, kí n lè mọ ìgbà tí orin bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó fẹ́ parí. Bí wọ́n bá bèèrè ohun tí mo gbọ́, mo máa ń wá ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, awakọ̀ mú orin àwọn ọmọ Abidjan kan wá, tí mo kàn rí i tí abọ́ ń gbọ̀n. Mo ní, "Olórin yẹn mí kanlẹ̀ kó tó wọ ẹsẹ kejì. Inú ń bí i."

Wọ́n dá orin náà padà. Awakọ̀ fò sókè. "Vraiment! Òótọ́ ni! Tonton, ẹ̀yin kì í ṣe ènìyàn!"

Ẹ̀gbọ́n oníbàtà la ojú tó dì. "Ó mí," ó ní. "Inú ń bí i lóòótọ́. Ó dà bíi pé ìyàwó rẹ̀ ló bí i nínú."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nínú ọkàn mi, mo dà bí ẹni tó jí iyọ̀ oníyọ̀ bọ ọbẹ̀ tí àwọn ènìyàn sì ń yìn ín pé ó mọ oúnjẹ sè. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń rẹ̀ mí.

Ó yẹ kí n dúró sọ ọ̀rọ̀ Àlàájà àti àbúrò rẹ̀ níbí, nítorí òun ló ń bọ̀. Ìyá Àlàájà kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àlàájà ti ọjà rẹ̀ pa, ó lọ dúró tì í fún oṣù tó lò kẹ́yìn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, inú ìlú náà ló ń gbé, kò sì wá. Ìjà kékeré kan ti wà láàárín òun àti ìyá, irú ìjà tí kálukú máa ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá, ọkùnrin náà ní òun wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní òun dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun gbọ́ tí ìyá ń kọrin, ojú ti òun, òun sì yí padà. Àlàájà ní irọ́ ni. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹbí pé kì í ṣe ọmọ ìyá òun mọ́. Ó padà dé Bouaké, ó sì ń sọ ọ́ níbí náà, ní ọjà, níbi ìkómọ, nídìí abọ́ tánganran wa. Ó ti pé ọdún kan tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kò sí Yorùbá kan ní Bouaké tí kò mọ ẹjọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú kan nígbà ọyẹ́, ó kan Àlàájà láti mú orin wá. A kì í retí nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí àwọn orin tí gbogbo ayé ti mọ̀ ló máa ń mú wá, tí á ní a kò tíì gbọ́ ọ dáadáa. Awakọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún gbé èyí tí bàbá bàbá mi fi gbéyàwó wá o."

"Bàbá bàbá rẹ fi orin gbéyàwó," Àlàájà ní. "Ìwọ tó o ní ọkọ̀, ta lo rí gbé?"

Ẹ̀gbọ́n oníbàtà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi ìsọ̀ mú. Awakọ̀ kùn ní Faransé.

Àlàájà tú etí ìró rẹ̀, ó yọ fóònù jáde. "Ẹ kò tíì gbọ́ èyí rí," ó ní. "Kò sí lórí fóònù ẹnikẹ́ni láyé yìí. Ìyá mi ni. Ó ní kí n jókòó kí òun di irun mi, bí ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ lágbára mọ́. Orin tó máa ń kọ bó bá ń di irun wa nígbà tí a wà ní kékeré ló ń kọ. Mo tẹ fóònù kó máa gba ohùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò mọ̀."

Ó gbé fóònù sínú abọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Gbogbo wa tẹrí ba. Mo rí i tí nọ́ńbà ń sáré lójú fóònù, mo mọ̀ pé orin ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ etí òsì sí i, èyí tó sàn díẹ̀. Ohùn arúgbó obìnrin tínrín ju abẹ́rẹ́ lọ. Kò dé etí mi rárá. Ohun kan ṣoṣo tó wà nínú etí mi ni ọkùnrin mi tó ń kùn, ohùn ẹ̀rọ tí mo ti pa láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n oníbàtà ń fi ọwọ́ nu ojú. Mo fi ọwọ́ nu ojú tèmi náà.

Ó tán. Àlàájà ní, "Kí lẹ gbọ́?"

Awakọ̀ ló kọ́kọ́ sọ. Kò ṣàwàdà mọ́. "Ó pè yín ní orúkọ kan láàárín. Kì í ṣe orúkọ yín tí a mọ̀. Orúkọ ọmọdé ni."

Àlàájà mi orí.

"Òòyà bọ́ lọ́wọ́ wọn," Ẹ̀gbọ́n oníbàtà ní. "Wọn kò dá orin dúró. Wọ́n ń fi ọwọ́ wá òòyà kiri, wọ́n ń kọrin lọ."

Ó ku èmi. Ó ti rẹ̀ mí gan-an lọ́jọ́ náà. Ọgbọ́n tí mo fi ń wá irọ́ ti tán, mo sì mú ohun tó wà nílẹ̀, ohun tó wà nínú etí mi gẹ́lẹ́. Mo ní, "Ohùn ọkùnrin kan wà lẹ́yìn. Ó ń bá wọn gbè é nísàlẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ti máa ń dákẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe irú rẹ̀.

"Ọkùnrin?" Àlàájà ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ibo lohùn rẹ̀ ti ń wá?"

"Bíi láti iyàrá kejì."

"Kò sí iyàrá kejì níbẹ̀," ó ní. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà níbẹ̀."

Ìgbà náà ni mo rántí àbúrò rẹ̀. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Ẹ̀gbọ́n oníbàtà ti ní kí wọ́n dá orin padà. Ó di ojú, ó tẹ etí sí abọ́ títí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fóònù.

"Ìnnálíláì," ó ní. "Mo gbọ́ ọ."

"Moi aussi, èmi náà gbọ́ ọ," awakọ̀ ní, ọwọ́ rẹ̀ lórí. "Ó wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀ kedere. Àlàájà, àbúrò yín wá o!"

Àlàájà kò sọ pé òun gbọ́, kò sì sọ pé òun kò gbọ́. Ó mú fóònù rẹ̀, ó dì í mọ́ etí ìró, ó dìde, ó lọ láìmu tíì. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ẹnu mi nígbà náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Mo wo abọ́ tó ṣófo, mo wo àwọn méjèèjì tí wọ́n ń wò mí bí ẹni wo wòlíì, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Lọ́jọ́bọ̀, awakọ̀ yà sí ìsọ̀ ẹ̀rọ mi. Mo pa ẹ̀rọ kí n lè rí ohun tó ń sọ. Ó ní Àlàájà ti ránṣẹ́ sílé: lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ìrun bá ti tán, kí ẹbí kó ara wọn jọ yí fóònù ká ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àbúrò òun níwájú gbogbo wọn. Ó gbá mi léjìká. "Tonton, etí yín ló ṣe é. Etí yín ló tún ilé onílé ṣe!"

Nígbà tó lọ, n kò tan ẹ̀rọ padà. Mo jókòó lórí àpò àgbàdo. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ ìyá méjì á bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Àlàájà á padà sínú ìjà rẹ̀, n kò sì ní ní ẹnu láti fi jókòó nídìí abọ́ náà mọ́. Ẹni tó bá wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan á ní kí n dákẹ́. Èmi náà sọ ọ́ fún ara mi títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n obìnrin kan fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú ẹbí rẹ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ àgbàdo.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo wọ ọjà lọ bá a. Ó ń ká aṣọ. N kò kí i tán kí n tó bẹ̀rẹ̀.

"Àlàájà, ẹ dárí jì mí. N kò gbọ́ ohùn ọkùnrin kankan. N kò gbọ́ ìyá yín pàápàá. Ó ti lé ní ọdún méjì tí n kò gbọ́ orin kan délẹ̀ ní ìsọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Etí mi ti lọ. Ohun tí mo pè ní ọkùnrin, ẹ̀rọ mi ni, kì í kúrò létí mi."

Ó ń ká aṣọ lọ. Ẹnu rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ wà nílẹ̀, n kò rí i kà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wí?" Ó pòṣé. Ó dìde, ó yí tábìlì ká, ó wá dúró ní ẹ̀gbẹ́ òsì mi.

"Mo ní, jókòó."

Mo jókòó.

"O rò pé n kò mọ̀? Lọ́dún tó kọjá, mo wá lọ gbàgúdà lọ́dọ̀ rẹ, ẹ̀rọ rẹ kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo dúró lẹ́yìn rẹ, mo fi ẹ̀fẹ̀ bú ọ. O ò yíjú. Mo bú bàbá tó bí ọ. O ò yíjú. Ẹlẹ́rọ, ẹni tí wọ́n bú bàbá rẹ̀ tí kò yíjú, etí rẹ̀ ti lọ."

"Èé ṣe tí ẹ kò sọ?"

"Kí n sọ ọ́ kí o má wá mọ́? Ta ni ó máa purọ́ tó dáa fún wa lọ́jọ́ Àìkú? Awakọ̀ yẹn?"

N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Mo bèèrè ohun tó gbé mi wá gan-an. "Ohùn ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

Ó fà mọ́ etí mi dáadáa. "Mo ti gbọ́ orin náà títí ó fi há mi lórí bíi Fàtíhà. Ìyá mi ni, àti òòyà. Kò sí ọkùnrin kankan níbẹ̀."

"Ẹ ò wá ní pè é mọ́."

"Mo fẹ́ pè é."

Mo wò ó. Ojú rẹ̀ ti wọnú, bí ojú ẹni tó ti rìn jìnnà.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó ní. "Ó pé ọdún kan tí mo ti gbé ẹjọ́ yẹn rù, tí gbogbo ayé ń kí mi kú ẹrù, tí kò sẹ́ni tó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi sọ̀ ọ́. Ìwọ lo dáwọ́ lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ṣèèṣì ni. Ẹlẹ́rọ, ṣé o mọ̀ pé n kò lè búra pé kò wá? Ìyá mi fi orókún méjèèjì di orí mi mú. Ẹni tí wọ́n ń di irun fún kì í bojú wẹ̀yìn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lẹ́yìn mi. N kò wò ó. Ọ̀run ni mo fi ń búra nígbà tí mo ní kò wá, n kò sì wò ó."

Kò dúró de ìgbà tí wọ́n á kírun tán. Ó gbé fóònù, ó pè é níbẹ̀, láàárín aṣọ, èmi ni mo jókòó tì í. N kò gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń sọ. Mo rí ẹnu Àlàájà. Ó dárúkọ rẹ̀, ó kí i, ẹnu rẹ̀ dúró, ó tún mì. Mo ka èyí kedere: "Mo gbọ́ ohùn rẹ nínú orin Ìyá." Lẹ́yìn náà ó tẹ fóònù mọ́ etí. Oníbàárà kan wá, ó fọwọ́ kan aṣọ, ó rí ojú rẹ̀, ó lọ. Omi ń bọ́ lójú Àlàájà, kò nù ún.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo bèèrè ohun tó sọ.

"Ó kọ́kọ́ dákẹ́," ó ní. "Lẹ́yìn náà ó ní, 'Ẹ gbọ́ ọ?' Ó wá ń sunkún."

"Ó tiẹ̀ kọrin lóòótọ́ ni?"

"N kò bi í," Àlàájà ní. "Ìwọ náà má bi mí mọ́."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ tèmi kò tíì rin ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó pàdé ní ìsọ̀ aṣọ yẹn, títí di òní n kò sì mọ èyí tó yà fún èkejì lọ́nà. Mo fẹ́ dìde. Ó di apá aṣọ mi mú.

"Lọ́jọ́ Àìkú, wà á sọ fún wọn nípa etí rẹ. Ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn, fi í sílẹ̀ níbi tó wà."

Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n tó gbé abọ́ jáde. Mo sọ nípa dókítà, mo sọ nípa ọdún méjì. N kò sọ nípa ọkùnrin inú orin, wọn kò sì bèèrè. Ẹ̀gbọ́n oníbàtà wo ilẹ̀ pẹ́. Mo rò pé inú ń bí i, pé ó ń ronú nípa gbogbo èémí àti ìbínú tí mo ti tà fún un. Ó gbé orí sókè, ó rọra fa àpótí ìjókòó mi sún mọ́ abọ́, sí apá òsì, ó sì fi ọwọ́ gbá a kí n jókòó. Awakọ̀ ní tirẹ̀ kò gbà rárá. Ó ní kò sí bí ẹni tí etí rẹ̀ ti kú ṣe lè gbọ́ èémí olórin ọjọ́ yẹn, òun fúnra òun gbọ́ ọ pẹ̀lú etí òun méjèèjì.

"Jẹ́ kó gbọ́ ọ," Àlàájà wí fún mi, ó pariwo sí etí òsì mi. "Àánú rẹ̀ ṣe mí."

Orin ọjọ́ náà jẹ́ ti Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan." Wọ́n gbà á. Ó ṣòro díẹ̀ láti sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò nà gbalaja. Mo jẹun pẹ̀lú ìyàwó mi.

Àìkú tó tẹ̀ lé e, orin awakọ̀ ni. Ó yí i sókè títí abọ́ fi ń sáré lórí tábìlì. Ó tán, ó bèèrè, wọ́n sọ tiwọn, ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo tún ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n oníbàtà gbé ìka sókè. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ òsì mi, ó fara balẹ̀ sọ ọ́ kí n lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Àbúrò, ohun tó o sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nìyẹn. Òfin ni òfin."

Ó nawọ́ sí garawa.

Mo gbé e, mo kọjá sí agbo ilé kejì. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣí sílẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Àlàájà ń ju ọwọ́. Bàbá mi tún ti wọ ẹnu rẹ̀, ó dá mi lójú. Mo sọ garawa sínú kànga, mo ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ mi ń kùn nísàlẹ̀ bó ti máa ń kùn. N kò gbọ́ ìgbà tí garawa bá omi. Okùn ló wúwo lọ́wọ́ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.